Pálọ̀ Tó Ń Dáni Lóhùn ní Awoyaya

Addo, Ajah
Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kẹta, 2018

Làtífátù Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ kú otútù, mo kí ọ kú ìwé. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ béèrè bóyá ò ń jẹun kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, torí nínú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, ọrùn rẹ ló kọ́kọ́ rí. Mo ti béèrè o. Ó kù sọ́wọ́ rẹ.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù. Láti ìgbà tó o ti wà nílé ìwé onílé gbígbé ni mo ti sọ fún ọ pé fóònù wà fún "mo ti dé" àti "mo ti jẹun." Ọ̀rọ̀ tó bá ní egungun nínú, inú lẹ́tà la máa ń kọ ọ́ sí, Yorùbá la sì fi ń kọ ọ́, kí ọmọ má baà gbàgbé èdè rẹ̀ sílé onílé. Ìyá rẹ ni yóò ya èyí ní fọ́tò tí yóò sì fi ránṣẹ́. Bí ìlà kan bá gé lórí, òun ni kó o bá wí.

Ọ̀rọ̀ tó ní egungun náà nìyí. Ilé Awoyaya ti parí. Táìlì pálọ̀ ni mo fi kádìí rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì tẹ́ ẹ, n kò jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ìsẹ́yìn ni mo ti ń tẹ́ táìlì sílé àwọn olówó Lekki, tí iṣẹ́ bá sì ti parí, wọ́n á ní kí n bọ́ bàtà kí n tó gba orí rẹ̀ kọjá. Lórí èyí, mo wọ bàtà mi, mo sì rìn ín já. Ìyá rẹ pariwo lé mi lórí, àmọ́ mo gbádùn rẹ̀.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo mú ọ lọ síbi iṣẹ́ nígbà tó o wà ní kékeré, tó o bi mí pé ìgbà wo la máa tẹ́ tiwa? Mo ní ọjọ́ tí a bá tẹ́ tiwa, ìwọ lo máa kọ́kọ́ sùn níbẹ̀. Mo tún un sọ níwájú lèmọ́ọ̀mù lọ́jọ́ tí wọ́n wá ṣàdúà sílé náà. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó máa sùn níbẹ̀ títí wàá fi dé. Ìgbà wo lò ń bọ̀?

Àwọn èèyàn ń bi mí léèrè iṣẹ́ tó ò ń ṣe ní Jámánì. Mo ní ihò lò ń wá. Bàbá Jàmíù, bíríkìlà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ní tó bá jẹ́ ihò ni, kí ló gbé ọ dé Jámánì nígbà tí ọ̀nà Addo wà níbí? Jọ̀ọ́, kọ ohun tí n ó máa wí ránṣẹ́, kí n lè rí ẹnu fọhùn.

Èmi ni bàbá rẹ, tó kọ́lé tí kò tíì gbé e,
Taofeek Ọdúnjọ.


Hánófà, Jámánì
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹta, 2018

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oríire ilé. Ibi tí mo ti ka lẹ́tà yín ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, ẹni tí a jọ ń gbé ní ṣé yẹtí mi ló já bọ́ ni. Ẹ bá mi sọ fún Màámi pé mò ń jẹun. Ọrùn mi ló gùn bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti jogún rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó máa wí rèé. Ìràwọ̀ ńlá kan lè kú, kó wó lu ara rẹ̀, títí yóò fi di ohun kékeré kan tó wúwo kọjá sísọ. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní ihò dúdú, torí ohunkóhun tó bá wọ ibẹ̀ kì í padà jáde, títí kan ìmọ́lẹ̀. Òfin òòfà ló sọ bẹ́ẹ̀, òfin tó ń mú kí nǹkan já bọ́ sílẹ̀, tó sì mú ayé dúró. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti kọ ọ́. Àwa kan wá ń béèrè pé, bí òfin náà bá fẹ́ àtúnṣe díẹ̀ ńkọ́? Tí a bá tún un ṣe, ó lè jẹ́ pé kì í ṣe ihò ló wà níbẹ̀ rárá. Ó lè jẹ́ ohun mìíràn tó ṣókùnkùn bíi ti ihò, tó fara jọ ọ́ délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n tó ní ògiri nínú.

Báwo la ṣe máa mọ ìyàtọ̀? Ẹ rántí pé bí táìlì bá ti gbẹ, ẹ máa ń fi kókó ìka kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún bí igbá òfìfo, ẹ ó ní sìmẹ́ńtì kò kún abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ mi kò jìnnà sí ìyẹn. Bí méjì nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí bá kọlu ara wọn lọ́hùn-ún, òfurufú fúnra rẹ̀ á gbọ̀n, gbígbọ̀n náà á sì dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀rọ á wá sọ ọ́ di ohun tí a lè gbọ́. Bó bá jẹ́ ihò gidi ni, á dún, á sì rọlẹ̀ pátápátá. Bó bá ní ògiri nínú, gbohùngbohùn á tẹ̀lé e. Gbohùngbohùn yẹn ni mò ń dẹtí sí. Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ ọ tó dájú.

Ní ti bíbọ̀ mi, Bàbá, n kò lè fi ìwé sílẹ̀ báyìí. Mo fẹ́ parí rẹ̀ kí n tó kúrò níbí. Àmọ́ òjò ò ní dúró dè mí. Ẹ mọ bí omi ṣe máa ń wọ yàrá yẹn ní Addo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó lọ sí Awoyaya, kí ẹ sì ti yàrá kan pa dè mí.

Ọmọ yín,
Làtífátù.


Addo, Ajah
Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Kẹrin, 2018

Làtífátù, onígbohùngbohùn,

A kí ọ, ara wa le. Mo ka lẹ́tà rẹ sétí ìyá rẹ láti òkè délẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n tún ibi tó o ti ní ò ń jẹun kà.

Ọ̀rọ̀ rẹ yé mi ju bó o ṣe rò lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà mí. Èmi rán ọ lọ kàwé, ìwọ fẹ́ tún òfin tó mú ilé mi dúró ṣe! Ẹ rọra o. Ilé tuntun ni. Ṣé ẹ ò wá rí òfin mìíràn tún ṣe ni, bí irú èyí tó ní kí sìmẹ́ńtì máa wọ́n sí i lọ́dọọdún? Mo ṣàlàyé fún Bàbá Jàmíù pé ò ń fi ìka kan táìlì ọ̀run wò. Ó ronú títí, ó wá béèrè bóyá wọ́n máa ń fún yín lóúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́ yẹn. Mo ní n ó bá a béèrè.

Ní ti kíkó lọ, má sọ ọ́ mọ́. Mo ti sọ̀rọ̀ níwájú lèmọ́ọ̀mù, ẹyin sì lohùn. Òjò Addo kì í ṣe àlejò wa, a ti jọ ń gbé tipẹ́. Ìwọ ṣáà parí ìwé rẹ kó o máa bọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.


Hánófà
Ọgbọ̀njọ́, Oṣù Kẹfà, 2018

Bàbá mi,

Ẹ kú òjò. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dáhùn. Iṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ dáadáa.

Màámi fi fọ́tò ránṣẹ́ lánàá kí n lè bá wọn wo aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán. Aṣọ náà dára. Ṣùgbọ́n mo rí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn wọn. Orí bíríkì ló wà, omi sì ń dán lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́lé sí Awoyaya, tí ẹ tẹ́ táìlì tó ń dán sí i, orí bíríkì lẹ̀ ń sùn bí ẹni tó ń ṣọ́ oko. Ẹsẹ̀ Màámi sì ti máa ń wú láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Inú mi kò dùn sí i rárá, Bàbá.

Bí ẹ ò bá kó kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, màá kọ̀wé sí Ìyá Sẹ̀gilọlá, ẹ̀gbọ́n yín, ní Ìsẹ́yìn. Ẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n á wá fúnra wọn, wọ́n á sì tún pè yín ní "Táófí" níwájú lèmọ́ọ̀mù.

Ọmọ yín tí kò ṣeré,
Làtífátù.


Awoyaya, Ibeju-Lekki
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Keje, 2018

Làtífátù,

Wo orí lẹ́tà yìí kó o rí ibi tí mo ti kọ ọ́. A ti kó. Má kọ nǹkan kan sí Ìsẹ́yìn.

Mo ra àga tìmùtìmù aláwọ̀ ewé, ó rọ̀ débi pé ìyá rẹ máa ń sùn lọ kí ìròyìn tó parí. Kápẹ́ẹ̀tì tẹ́ gbogbo àárín pálọ̀, kọ́tìnì nípọn, ó sì gùn délẹ̀. Ariwo ọ̀nà márosẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Bí Iléyá bá dé, n ó jókòó sínú pálọ̀, n ó ṣàdúà fún ọ, ìyá rẹ á sì gbà á sórí fóònù, kó o lè gbọ́ ohùn onílé.

Ṣé ọkàn rẹ ti wá balẹ̀?

Èmi ni bàbá rẹ, onílé.


Hánófà
Ọjọ́ Kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹjọ, 2018

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún Iléyá, ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Mo gbọ́ àdúà yín, mo sì ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí ẹ ní kí Ọlọ́run fi ọkọ tó gbọ́ Yorùbá jíǹkí mi.

Lẹ́yìn náà ni mo tún un gbọ́. Ẹ ò kúkú mọ irú ẹni tí ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ju pé kí n máa wá ohùn tó bá tẹ̀lé ohùn. Nígbà tí ẹ pè mí ní "Làtífátù," pálọ̀ náà ní "fátù." Nígbà tí ẹ ní "àmín," ó bá yín ṣe é. Àga, kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnì máa ń gbé ohùn mì ni. Ilé tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ló ń dáni lóhùn báyẹn. Bàbá, kò sí àga aláwọ̀ ewé kankan níbẹ̀. Ẹ wọkọ̀ láti Addo lọ sí Awoyaya lọ́jọ́ ọdún, ẹ dúró sínú ilé òfìfo, ẹ ṣàdúà fún mi, ẹ sì padà sínú omi.

Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá sunkún.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti ń sọ òótọ́, iṣẹ́ tèmi náà kò lọ bí mo ṣe wí. Mo ti dẹtí, etí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di, n kò gbọ́ ohunkóhun. Ohùn náà máa ń dún, á rọlẹ̀, ó tán nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn tó máa yẹ ìwé mi wò á béèrè ohun tí mo wá ṣe. Gbohùngbohùn kan ṣoṣo tó dájú tí mo gbọ́ lọ́dún yìí, ti Awoyaya ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé yín.

Ọmọ yín,
Làtífátù.


Addo, Ajah
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 2018

Làtífátù ọmọ mi,

Èmi Suliat, ìyá rẹ, ni mo fọwọ́ ara mi kọ èyí. Ṣé ò ń jẹun?

Mo mọ̀ pé ò ń wo ọ̀nà lẹ́tà bàbá rẹ. Inú ń bí i, kì í ṣe sí ọ, sí pálọ̀ ni. Ó ní ilé tí òun fi ọwọ́ ara òun tẹ́ ló lọ tú òun fó ní Jámánì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú mi lọ síbẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní "Salamu alaikun." Ilé dá a lóhùn. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sílẹ̀. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a ń padà, mo bi í léèrè dáadáa pé kí ló ń dà á láàmú gan-an, ṣé ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú lèmọ́ọ̀mù náà ni? A sọ̀kalẹ̀ ní Ajah. Ó wá ní, "Suliat, bí a bá wọlé láìsí i níbẹ̀, a ti gbà nìyẹn pé kò ní wá mọ́. Ṣé o ò rí ilé Bàbá Jàmíù ni?"

O mọ Jàmíù wọn tó lọ sí Kánádà. Wọ́n ṣílé láìsí i níbẹ̀, òun náà ń wí pé ọdún tó ń bọ̀ ni, ọdún tó ń bọ̀ ni. Yàrá rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń kó àpò gààrí sí. Ìyẹn ni bàbá rẹ ń sá fún, ó wá ń fi lèmọ́ọ̀mù bojú. Èmi náà ń bẹ̀rù rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ni kò jẹ́ kí n rántí.

Ìwọ ni kó o wá ohun tí wàá wí fún un. Má kọ ọ́ gùn, ojú rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́.

Ìyá rẹ.


Hánófà
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 2018

Bàbá mi,

Màámi ní kí n má kọ ọ́ gùn.

Ohun tó bá wọ ihò dúdú kì í padà. Mo ti fi gbogbo ọdún tí mo lò níbí kọ́ ìyẹn, mo sì ti gbà á báyìí. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ihò dúdú. Ẹ pè mí, ẹ ó gbọ́ ìdáhùn. Bí ọ̀nà bá jìn, gbohùngbohùn máa ń pẹ́ kó tó dé, pípẹ́ rẹ̀ kò sì sọ pé kò ní dé.

Wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa yẹ ìwé mi wò, nínú oṣù Karùn-ún ni. Bí wọ́n bá gbà á, bí wọn ò sì gbà á, ọ̀dọ̀ yín ni màá ti ṣe Iléyá. Ẹ bá mi bi lèmọ́ọ̀mù bóyá ọ̀nà wà tí èèyàn lè gbà tú irú ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wà nínú ilé nígbà tí mo bá dé, kí n rí ẹni ṣílẹ̀kùn fún mi. Bí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn bá kan ilẹ̀kùn, tó jẹ́ pé ohùn ara rẹ̀ ló dá a lóhùn, ṣé ẹ rò pé inú rẹ̀ á dùn?

Mo nífẹ̀ẹ́ yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbé ọ̀rọ̀ yìí sí. Ẹ gbé e sí pálọ̀.

Làtífátù.


Awoyaya, tòótọ́tòótọ́
Ogúnjọ́, Oṣù Kìíní, 2019

Làtífátù Àbẹ̀kẹ́ mi,

Má wo bí mo ṣe pẹ́. Ìwọ náà lo ní pípẹ́ kò sọ pé kò ní dé.

Lèmọ́ọ̀mù ní kí n bọ́ aláìní mẹ́wàá fi tú ọ̀rọ̀ mi. Ó tún ní bí òun bá mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì wa ń lúwẹ̀ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí òun ṣe àmín sí, òun ì bá ti fa etí mi tipẹ́. Ìyá rẹ gbà á lẹ́nu, wọ́n jọ bá mi wí. Ẹ̀bà la tẹ̀, Bàbá Jàmíù jẹ, kì í sì í ṣe aláìní.

A ti kó lóòótọ́. Àga aláwọ̀ ewé tí mo kọ sí ọ níjọ́sí ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tà á, mo máa ń yà síbẹ̀ lọ kí i. Àga wa ti Addo la kó wá. Ìyá rẹ rán kọ́tìnì, wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Yàrá kan wà tí a tì pa. Kò sí àpò gààrí níbẹ̀, kò sì ní sí.

Gbohùngbohùn tí o kò rí, má jẹ́ kó bà ọ́ lọ́kàn jẹ́. Bí mo bá kan táìlì ilé kan látòkè délẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ kún, n kì í wí fún onílé pé mo fi ọjọ́ náà ṣòfò. Inú mi dùn sí ọ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sọ lọ. Ọ̀rọ̀ tó o ní kí n gbé sí pálọ̀, ó wà níbẹ̀.

Ìyá rẹ á fi ohùn ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ. Lẹ́yìn náà, mo fi kókó ìka kan táìlì láti ẹnu ọ̀nà ìta títí dé iwájú yàrá rẹ. Gbọ́ ọ dáadáa, kó o kọ ohun tó o gbọ́ ránṣẹ́, kí n mọ̀ bóyá ìwé náà wúlò.

Èmi ni bàbá rẹ, tó kọ́lé, tó sì ń gbé e.


Hánófà
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kìíní, 2019

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé titun, ẹ ó gbé e pẹ́. Ẹ bá mi fọwọ́ ra ẹsẹ̀ Màámi.

Mo gbọ́ ohùn náà. Ẹ pè mí, pálọ̀ kò sì tún un pè. Mo gbọ́ bí Màámi ṣe ń rẹ́rìn-ín lábẹ́nú, mo gbọ́ bí àga yín ṣe ń ké, n kò gbọ́ gbohùngbohùn kankan. N kò mọ̀ pé inú èèyàn lè dùn tó báyìí nígbà tí kò bá gbọ́ nǹkan.

Mo tẹ̀ lé ìka yín. Gbogbo táìlì ló kún, títí ẹ fi dé ti ìkẹyìn, èyí tó wà níwájú yàrá mi. Ìyẹn dún bí igbá òfìfo. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ mi ló ṣìṣe, mo tún un gbọ́, mo tún un gbọ́. Taofeek Ọdúnjọ tí mo mọ̀ kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ lọ sílé bí táìlì kan bá dún bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn gbé e lé ilẹ̀ lásán ni, ẹ ò fi sìmẹ́ńtì sí i.

Ẹ bá mi tẹ́ ẹní lé e, kó má baà gbé Màámi ṣubú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, títí kan ẹ̀yin náà. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Bí mo bá dé, ẹ bá mi po sìmẹ́ńtì. Èmi ni n ó tẹ́ ẹ.

Làtífátù.